Lugard: Ẹni tó fẹ́ jà, tí wọ́n ní kó mú sùúrù

Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Bakassi bá ti jẹ yọ níbi tí àwọn èèyàn wa bá jókòó sí, kì í pẹ́ tí ìjókòó náà fi máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní ìjọba Nàìjíríà ló ṣojo, pé ńṣe ló yẹ kí wọ́n ti da sójà síbẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ á ní kí wọ́n rọra, pé ẹni tí kò tíì rí ogun rí ló máa ń pè é. Àríyànjiyàn yìí kò ní tán lónìí. Ohun tó jẹ́ ká gbé kálàmù ni pé ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ìyẹn Lugard House, wà nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀ gan-an, Lọ́kọ́ja níbí ló sì ti ń pàṣẹ fáwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní 1900, tó sì da Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní 1914. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ ohun tó gbé e dé ìlú yìí ní 1898. Ìjà ààlà ni.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1858 ni wọ́n bí Frederick John Dealtry Lugard ní ìlú Madras, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ ló ń wàásù fún. Kò sí owó púpọ̀ nínú ilé wọn, ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tó ṣì wà ní kékeré. Ó kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ Sandhurst tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá sójà ní 1878, ó sì gba ibẹ̀ dé ojú ogun. Ó jà ní Afghanistan, ó jà ní Sùdáánì, ó jà ní Burma. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ bí wọ́n ṣe ń fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, kò sí ohun kan tó fi hàn pé ayé máa gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ obìnrin ló yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Ẹni tó ti fọkàn sí já a kulẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara débi pé ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì forí lé Áfíríkà bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Kò bìkítà bóyá òun kú tàbí òun yè. Ní 1888 ó bá ara rẹ̀ létí adágún Nyasa, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Malawi báyìí, ó ń bá àwọn tó ń fi ẹrú ṣòwò jà. Ìbọn bà á, apá rẹ̀ kan sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó lè fi ṣe nǹkan dáadáa.

Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ kọ́ńpìnnì Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣòwò ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ní ìparí 1890 wọ́n rán an lọ sí Buganda, ní Uganda òde òní. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ ti pín sí méjì nígbà náà: àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà tí àwọn àlùfáà Faransé kọ́, àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní oṣù kìíní 1892, ìjà bẹ́ láàrin wọn ní Mengo. Lugard gbè sẹ́yìn àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìbọn Maxim, ìbọn tó ń rọ̀jò ọta láìdúró. Wọ́n lé àwọn Àgùdà jáde. Ìròyìn náà dé Paris, ariwo sì ta. Láti ìgbà náà ni Faransé kì í ti í fẹ́ gbọ́ orúkọ Lugard sétí. Nígbà tó di 1898, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san 10,000 pọ́n-ùn fún àwọn àlùfáà Faransé náà gẹ́gẹ́ bí owó ohun tí wọ́n pàdánù.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn Mengo ló ṣe pàtàkì jù sí ìtàn tí à ń sọ yìí. Kọ́ńpìnnì tó rán an níṣẹ́ ti fẹ́ kógbá sílé, ìjọba Gladstone tó wà lórí àlééfà nílùú London kò sì fẹ́ kí owó ìjọba bá Uganda lọ. Lugard padà sílé ní 1892, ó sì ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ó bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀, ó bá àwọn ọmọ ìjọ sọ̀rọ̀, ó kọ lẹ́tà sáwọn ìwé ìròyìn, ó sì kọ ìwé ńlá kan jáde ní 1893. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá fi Uganda sílẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á, àwọn oníṣòwò ẹrú á sì padà dé. Inú àwọn aráàlú ru. Ẹ̀bẹ̀ àti ìbínú ń ya wọ ilé ìjọba láti ibi gbogbo. Ní 1894, ìjọba kan náà tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Uganda ló gbà á sábẹ́ ààbò ara rẹ̀. Bí Lugard ṣe rí i fúnra rẹ̀ nìyẹn pé ariwo àwọn aráàlú lè gba odidi ilẹ̀ kan.

Ọdún yẹn kan náà lọ̀rọ̀ dé apá ọ̀dọ̀ tiwa. George Goldie ni ọ̀gá kọ́ńpìnnì Royal Niger tó ń ṣòwò lójú Odò Ọya, tó sì ń ṣe bí ìjọba níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1890, kọ́ńpìnnì rẹ̀ ti bá ọba Bùsà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, wọ́n sì gbà pé ọba Bùsà ló ni gbogbo ilẹ̀ Ìbàrìbá. Faransé ní irọ́ ni, pé ọba Nikki dá dúró, kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun Dahomey, wọ́n sì fẹ́ gba ibẹ̀ gòkè títí dé ibi tí ọkọ̀ ti lè rìn lórí Ọya. Wọ́n rán Captain Decoeur lọ sí Nikki. Goldie gbọ́, ó háyà Lugard, ó ní kó sáré dé ibẹ̀ ṣáájú.

Eré náà kì í ṣe kékeré. Lugard gba Jẹ́bà, ó gba Bùsà, ó gba Káyàmà. Nínú ìrìnàjò náà, ọfà olóró bà á lórí, àfi ìgbà tí wọ́n fún un ní oògùn ìbílẹ̀ mu. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 1894 ó wọ Nikki. Ọba ibẹ̀ kò yọjú sí i. Ìgbàgbọ́ wà pé kò dára kí ojú ọba pàdé ojú òyìnbó. Àwọn ìjòyè àti ìmáàmù ló bá a sọ̀rọ̀, ó sì gba ìwé àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù yẹn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Decoeur fi dé, òun náà sì gba ìwé àdéhùn tirẹ̀. Ọba kan, ìwé méjì. A kò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó ti ọba Nikki láti ṣàlàyé fún un pé ìwé wọ̀nyí ni wọ́n máa fi pín ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn baba wa ṣe ń gba àlejò á mọ̀ pé fífún àlejò ní ọ̀rọ̀ rere kò túmọ̀ sí fífún un ní ilẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gbóná nìyẹn. Ní 1895 ọ̀gágun Faransé kan, Toutée, kọ́ odi sí etí Ọya ní òdìkejì Bajibo, lókè Jẹ́bà. Gẹ̀ẹ́sì figbe ta, Faransé sì kúrò níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1897 Goldie kó àwọn ọmọ ogun kọ́ńpìnnì láti Lọ́kọ́ja lọ ja Bídà, ó ṣẹ́gun rẹ̀ ní oṣù kìíní, ó sì ṣẹ́gun Ìlọrin ní oṣù kejì. Ibi tó ti ń yọ̀ pé òun borí ni ìròyìn ti dé pé àwọn Faransé ti wọ Bùsà lẹ́yìn òun, wọ́n sì ti ta àsíá wọn níbẹ̀. Bùsà, tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ láti ọdún méje!

Ẹ ò rí bí ìlú London ṣe rí lọ́dún yẹn. Àwọn ìwé ìròyìn ń bú Faransé, àwọn oníṣòwò ní Liverpool àti Manchester ń pariwo pé wọ́n ń jí ọjà àwọn gbé. Ní Paris náà, àwọn ìwé ìròyìn ń bú Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ọkùnrin méjì ló dúró fún ìhà méjì. Joseph Chamberlain, mínísítà tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ àmúsìn, ní kí wọ́n má fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, bí ó bá fẹ́ di ogun kó di ogun. Lord Salisbury, olórí ìjọba, tó tún di ipò mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè mú, kò bá a pariwo. Arúgbó ni, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Odò Náílì ló wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun Kitchener ń rìn lọ sí Khartoum nígbà náà, ó sì mọ̀ pé àwọn Faransé náà ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀. Kò rí ìdí tí òun fi máa torí igbó Ìbàrìbá bá Faransé jà, kó tó wá di pé òun tún bá wọn pàdé níbi tó ṣe pàtàkì jù.

Chamberlain ló ránṣẹ́ pe Lugard. Ìlú aṣálẹ̀ Kalahari ni Lugard wà nígbà náà, ó ń wá ohun àlùmọ́nì fún kọ́ńpìnnì mìíràn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kó kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun tuntun jọ, èyí tí wọ́n pè ní West African Frontier Force. Lọ́kọ́ja ni wọ́n fi ṣe ibùdó rẹ̀. Willcocks, igbákejì rẹ̀, ló kọ́kọ́ dé, Lugard sì dé ní oṣù kẹrin 1898. Àwọn ọmọ ogun náà ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, Hausa, Yorùbá àti Nupe ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé àná ni Yorùbá dé ìlú yìí. Àdúgbò tí à ń pè ní Cantonment kò ṣàdédé jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó wá, itẹ́ òkú wọn ṣì wà nílùú yìí fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó.

Ẹ gbọ́ irú àṣẹ tí wọ́n fún un. Ó gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá, ó gbọ́dọ̀ ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sí gbogbo abúlé tí Faransé kò bá tíì sí, kódà bó jẹ́ pé abúlé Faransé ló wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń ta dírááfù, tó ń ki ọmọ tirẹ̀ bọ àárín ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yìnbọn àkọ́kọ́. Lugard kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ọlọ́kàn líle ni, ẹni tó gbójú, tí kò sì gbàgbé ohun tí Faransé sọ nípa rẹ̀ lórí Uganda. Ní tirẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ jà, kí wọ́n kó gbogbo ọmọ ogun jọ síbi kan kí wọ́n jà. Bí wọn kò bá sì fẹ́ jà, kí wọ́n má fọ́n sójà mẹ́wàá-mẹ́wàá káàkiri abúlé níbi tí ọ̀rọ̀ àsíá lásán ti lè dá ogun sílẹ̀ láàrin ìjọba ńlá méjì. A rò pé òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí ìjà àdúgbò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ kékeré kan tó sọ òkò ló máa ń dá a sílẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Láàrin oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún 1898, ní agbègbè Káyàmà, àwọn ọmọ ogun méjèèjì ń dojú kọ ara wọn. Àwọn ọ̀gá òyìnbó ń kọ lẹ́tà síra wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀ nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun dúdú tí wọ́n kó wá sì dúró lẹ́yìn wọn, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Áfíríkà ló máa pa ọmọ Áfíríkà bí nǹkan bá bẹ́. Gómìnà Èkó, McCallum, ti kó sójà lọ sí Ṣakí ní 1897, kí Faransé má bàa wọlé gba apá Òkè Ògùn. Inú fu, àyà fu ni gbogbo ibẹ̀ wà.

Lugard mú sùúrù. Kì í ṣe pé sùúrù wù ú, àṣẹ ló mú un. Ní gbogbo àkókò tí òun wà níbí tó ń bínú, àwọn aṣojú méjèèjì jókòó sí Paris, wọ́n na máàpù sílẹ̀, wọ́n sì ń fi abúlé dúnàádúrà bí àwọn ìyálọ́jà ṣe ń fi iṣu dúnàádúrà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 1898 wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Ìjọba Faransé tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ ṣubú lọ́jọ́ kejì. Ká ní Salisbury ti gbọ́ ti àwọn ìwé ìròyìn, ká ní ìbọn kan ti dún ní Káyàmà, kò jọ pé ìwé náà á jáde.

Kí ni wọ́n rí gbà? Bùsà di ti Gẹ̀ẹ́sì, Faransé kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti lè rìn láti Bùsà títí dé òkun di ti Gẹ̀ẹ́sì. Nikki, tí Lugard fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu torí rẹ̀ ní 1894, di ti Faransé. Wọ́n tún háyà ilẹ̀ kékeré méjì fún Faransé fún 30 ọdún, ọ̀kan nítòsí Jẹ́bà, èkejì ní ẹnu odò, kí wọ́n lè máa já ẹrù. Ohun tí Goldie ń wá gan-an, ìyẹn odò tí ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ wọn láìsí ogun láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Kitchener pàdé àwọn Faransé ní Fashoda lórí Náílì, gẹ́gẹ́ bí Salisbury ṣe rò ó. Faransé ló padà sẹ́yìn níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé sùúrù nìkan ló ṣe é. Salisbury kò káwọ́ gbera. Àwọn ọmọ ogun tó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ tó wà ní Lọ́kọ́ja ló mú kí ọ̀rọ̀ àwọn aṣojú rẹ̀ wúwo ní Paris, ariwo Chamberlain sì jẹ́ kí Faransé mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì lè jà. Sùúrù ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ yàtọ̀ sí sùúrù ẹni tó ní. Ní èrò tiwa, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn lórí Bakassi kì í ti í gbọ́ra wọn yé.

Ìkejì ni pé kò sí ọmọ Ìbàrìbá kan níbi tí wọ́n ti jókòó pín Ìbàrìbá. Ààlà ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti fà ní 1889, èyí ló gbé Kétu àti Ṣábẹ, ìlú àwọn ọmọ Odùduwà, sọ́dọ̀ Faransé. Ti 1898 wulẹ̀ fà á gùn sókè ni, ó sì ya Nikki kúrò lára Bùsà àti Káyàmà tí wọ́n jẹ́ ìbátan. Àwọn tó ń mú sùúrù fún ara wọn kò mú sùúrù fún onílé.

Ó hàn kedere nínú ohun tí Lugard ṣe lẹ́yìn náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san 865,000 pọ́n-ùn fún kọ́ńpìnnì Royal Niger, wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1900, ní Lọ́kọ́ja níbí, wọ́n sọ àsíá kọ́ńpìnnì kalẹ̀, wọ́n ta ti ìjọba, Lugard sì di olórí Àríwá Nàìjíríà. Kò pẹ́ tó kó lọ sí Jẹ́bà, tó sì ti ibẹ̀ lọ sí Zungeru. Ní oṣù kẹwàá 1902 wọ́n pa aṣojú rẹ̀, Captain Moloney, ní Keffi, ẹni tó pa á sì sá lọ sí Kano. Ìbínú tó sọ nílùú London nígbà yẹn ni Lugard rí lò. Kò dúró de àṣẹ kankan dáadáa kó tó kó ọmọ ogun lọ. Kano ṣubú ní oṣù kejì 1903, Sokoto ṣubú ní oṣù kẹta, wọ́n sì pa Sultan Attahiru ní Burmi ní oṣù keje. Nígbà tí àwọn ará Satiru, nítòsí Sokoto, dìde ní 1906 tí wọ́n sì pa àwọn òyìnbó, àwọn ọmọ ogun Lugard pa abúlé náà run. Iye tí àwọn òpìtàn ń sọ pé ó kú níbẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún méjì. Inú Winston Churchill, tó jẹ́ igbákejì mínísítà nígbà náà, kò dùn sí i rárá. Ọkùnrin tí kò gbọdọ̀ yìnbọn kan sí Faransé ní 1898 rèé o.

Ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò tán. Flora Shaw, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Times ti London, ni ó fẹ́ ní 1902. Òun ló dábàá orúkọ Nàìjíríà nínú ìwé ìròyìn yẹn ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 1897. Àwọn tó ń mú àlejò gun Òkè Pátí fẹ́ràn láti máa sọ pé orí òkè náà ló dúró sí tó ń wo ibi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, tó fi sọ ilẹ̀ yìí lórúkọ. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n London ló wà. Kálàmù rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń ru ìbínú àwọn aráàlú sókè lórí Faransé lọ́dún wọ̀nyẹn.

Lugard lọ jẹ gómìnà ní Hong Kong láti 1907 sí 1912, ó dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà wá da Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ìyókù ìṣàkóso rẹ̀ lára àwa Yorùbá kò dára tó bẹ́ẹ̀: ní oṣù kẹjọ 1914 ni sójà yìnbọn pa àwọn èèyàn ní Ìjẹmọ̀ ní Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá sì pàdánù òmìnira rẹ̀, ní 1916 Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde, ní 1918 ogun Àdúbí bẹ́. Kódà Bùsà tó tìtorí rẹ̀ fẹ́ bá Faransé jà, ṣọ̀tẹ̀ sí ìṣàkóso rẹ̀ ní 1915. Kò fẹ́ràn àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó, àwọn náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àsìkò rẹ̀ tó tún gbé wa padà sí Bakassi. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 1913, nígbà tí Lugard jẹ́ gómìnà fún Àríwá àti Gúúsù, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì tọwọ́ bọ ìwé ààlà ní London. Ìwé yẹn fi Bakassi sí apá Kamẹrúùnù. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Calabar. Ní oṣù karùn-ún 1981, nígbà tí àwọn sójà Kamẹrúùnù pa sójà Nàìjíríà márùn-ún, gbogbo ìlú ló ń pè fún ogun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé ìròyìn ló sì ń pè é jù. Ààrẹ Shehu Shagari kò gbà. Kamẹrúùnù tọrọ àforíjì, ó sì san owó ìtanràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dé kóòtù àgbáyé ní Hague ní 1994, ìwé 1913 ni Kamẹrúùnù gbé síwájú, òun náà ni àwọn adájọ́ fi dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2002. Ariwo tún ta. Ìjọba Nàìjíríà bá wọn jókòó, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé Greentree ní oṣù kẹfà 2006, wọ́n sì fa ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2008. Ogun kò bẹ́. Àwọn apẹja tó ní Bakassi ní ilé sì ni wọ́n kó ẹrù wọn.

Lugard fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1919. Ó kọ ìwé tó dá lórí bí a ṣe ń ṣàkóso ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tó jáde ní 1922, ó sì jókòó ní Geneva fún ọ̀pọ̀ ọdún lára ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì, tí Kamẹrúùnù wà nínú wọn. Wọ́n fi í joyè Baron ní 1928. Flora kú ní oṣù kìíní 1929, ọkùnrin náà kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó kú sílé rẹ̀ ní Surrey ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1945, ẹni ọdún 87.

Ààlà tí wọ́n fà ní Paris nígbà tó wà ní Lọ́kọ́ja ló ṣì wà láàrin Nàìjíríà àti Benin ní apá Ìbàrìbá. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Gaani ní Nikki, àwọn ará Ìbàrìbá láti ìhà Nàìjíríà ń sọdá rẹ̀ lọ bá àwọn ẹbí wọn, wọ́n máa ń lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin, wọ́n máa ń kí ọba ibẹ̀, wọ́n sì ń padà sílé.